Kí Arsenal tó mọ Arteta, Glasgow ti mọ̀ ọ́n

Ẹ̀yin ọmọ Arsenal tí ẹ ń jà lórí Arteta, kóòṣì yín, lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èmi ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀ dáadáa: ìdí sínkì, ní Glasgow, ní Scotland.

Oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni mo débẹ̀, òtútù sì ń wọ̀ mí dé mùdùnmúdùn. Iṣẹ́ àwo fífọ̀ ni mo rí ní ilé oúnjẹ kan. Wọn ò tíì bi mí lórúkọ tí ọ̀gá àwọn alásè fi ní, "Rangers ni ọ́ àbí Celtic?" Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì tó ń bára wọn figagbága ní Glasgow nìyẹn. Mo ní 3SC Ìbàdàn ni mí. Ó wò mí bí ẹni rí iwin.

Ọmọ Rangers ni gbogbo wọn. Bàbá tó ń gé ẹran ló máa ń pìtàn ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2003 fún mi, t'ọ̀bẹ t'ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ọjọ́ tó kẹ́yìn líìgì Scotland ni, máàkì Rangers àti Celtic dọ́gba, iye góòlù ló máa yà wọ́n. Celtic ń na Kilmarnock ní 4-0 lọ́hùn-ún, Rangers ń lu Dunfermline ní Ibrox, pápá tiwọn. Àsìkò ti tán, wọ́n ń gbá àfikún, ni wọ́n bá rí pẹnáritì. Ọmọ Sípéènì kan, ọmọ ọdún 21, tí kò tíì lò ju sáà kan lọ lọ́dọ̀ wọn, ló gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀: Arteta nìyẹn. Bàbá á wá fẹsẹ̀ gbá àlùbọ́sà wọ abẹ́ fíríìjì: 6-1! Góòlù kan péré ni wọ́n fi ju Celtic lọ.

Ní tèmi o, Nacho Novo, ọmọ Sípéènì míì tó gbá fún Rangers, ni mo fẹ́ràn jù. Barcelona ni Arteta ti jáde. Novo, ẹgbẹ́ kékeré ní Kirkcaldy, Raith Rovers, ló gbà á ní 2001, ó gba Dundee kọjá kó tó dé Rangers ní 2004. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, bíi tiwa. (Ferrol ni wọ́n bí i sí, òjò pọ̀ níbẹ̀ náà, bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kó sá.)

Alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2008, Rangers àti Fiorentina gbá 0-0 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá UEFA Cup, títí ó fi di pẹnáritì. Rédíò wà lórí pẹpẹ lókè orí mi. Novo ló gbá èyí tó parí ẹ̀. Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀gá ti gbé mi sókè, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi, àwo méjì ti fọ́. Wọ́n yọ owó àwo yẹn nínú owó iṣẹ́ mi! Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà Zenit nà wọ́n ní 2-0 ní àṣekágbá ní Manchester, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì lọ́jọ́ kejì.

Mo ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí Novo wọlé ní ìdajì kejì àṣekágbá ife Scotland ọdún 2009, tí kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi ju Falkirk sáwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Mo fóònù bàbá. Wọ́n pariwo títí, wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀.

"Ìwọ, 3SC tìẹ ńkọ́?"