Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: nílé, ta lẹ mọ̀? Ní ìlú Ọba, wákàtí mélòó?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ ní Nàìjíríà, ènìyàn ló ń wá kiri: ará ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá oníṣọ́ọ̀bù, òbí tó fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ òun ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá gbà á lónìí, ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kò sí ìwé àdéhùn, iye tí wọ́n bá sì jọ dúnàádúrà sí ni owó rẹ̀. Òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 lọ́dún 2024 kò gbà á sílẹ̀, torí kò de iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́. Abájọ tí ọ̀pọ̀ fi ń dá tiwọn sílẹ̀: wọ́n ń dirun, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ṣe POS, wọ́n ń tajà lórí WhatsApp.

Dídá tẹni sílẹ̀ yìí gan-an ló ń kó ọmọ wa sí wàhálà ní ìlú Ọba. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba òwò ara ẹni rárá. Ẹni tó ń dirun gbowó nínú yàrá rẹ̀ ti rú òfin físà, ì báà jẹ́ orí kan lọ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbé oúnjẹ káàkiri fún àwọn áàpù, torí òwò ara ẹni ni wọ́n kà á sí. Kí ẹ yá àkáǹtì ẹlòmíì ṣe é tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó dára jù láti kọ́kọ́ wò ni yunifásítì yín fúnra rẹ̀: láíbìrì, tàbí mímú àwọn àlejò yí ọgbà ká. Wọ́n mọ òfin físà níbẹ̀, wọn kì í sì í fi iṣẹ́ sí àkókò kíláàsì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó máa ń wá ènìyàn gan-an, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò DBS (wọ́n á wò ó bóyá ẹ ti hùwà ọ̀daràn rí), èyí tó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí lọ́dọ̀ ájẹ́ńsì ń yá, ṣùgbọ́n wọ́n lè pè yín lálẹ́ fún iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Kí ẹ tó wọṣẹ́, ẹ gba share code, ìyẹn kóòdù tí ọ̀gá yín máa fi wo físà yín, látinú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI, ilé iṣẹ́ físà ìlú Ọba. Èyí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀tọ́ iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W, ọjọ́ 90 ló sì ń lò. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí National Insurance number (nọ́mbà tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó-orí yín) tó dé, bí ẹ bá ti béèrè fún un.

Wàyí o, wákàtí. Ẹni tó ń ka dìgírì ní 20 lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tó dìgírì ní 10. Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè ni ọ̀sẹ̀. Ẹ ò lè ṣe 12 lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ fi 28 dí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ méjì, 14 níbì kan àti 8 níbòmíì ti di 22. Iṣẹ́ òru ló máa ń ṣini lọ́nà jù: ẹ wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́ Sọ́ńdè, ẹ jáde ní mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè, wákàtí 2 jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń parí lọ, 6 jẹ́ ti tuntun.

Nílé, nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í. Níbí, ẹni tó ń ṣe másítà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ìgbà ooru tí àwọn tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ wà ní ìsinmi, tí wákàtí 20 kò dè wọ́n mọ́, òun ṣì ń kọ iṣẹ́ ìwádìí, 20 náà ni tirẹ̀. Ẹ gba ìwé tó fi ọjọ́ ẹ̀kọ́ hàn lọ́wọ́ yunifásítì, kí ẹ fún ọ̀gá yín.

Láti April 2025 sí March 2026, £12.21 ni owó wákàtí tó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè, £10 fún ẹni ọdún 18 sí 20. Wákàtí 20 jẹ́ £244.20 fún ẹni ọdún 21 nígbà náà. Ẹ wo páísílíìpù yín: 1257L ló yẹ kó wà níbi tax code, ìyẹn àmì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa yọ owó-orí yín. Bí BR bá wà lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní, wọ́n ń yọ ìdá 20 nínú 100 láti pọ́n-ùn àkọ́kọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ò kọ starter checklist, fọ́ọ̀mù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, dáadáa. Ẹ pe HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí, kí wọ́n tún un ṣe. Bí ọdún owó-orí kò bá tíì parí, èlé tí wọ́n yọ á padà wá pẹ̀lú owó tí ẹ máa gbà tẹ̀ lé e.