Adìẹ Tí Mo Fa Ìyẹ́ Rẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ọwọ́ mi méjèèjì ti dúdú dé ìgúnpá. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha á, mo ti fi kẹrosíìnì pa á, aró ní òun ò tíì múra àtilọ. Lánàá, mo na owó sí ọlọ́kadà, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní kí n kàn gbé owó òun sórí tánkì.

Ahun ló fà á. Àwa tó ń ṣe é là ń pè é ní ìṣọ́wóná.

Ìbàdíàrán, àbúrò Bàbá Tólú, ló kọ́lé sí Mọ́níyà tó sì fẹ́ ṣílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nílé ọkọ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í mi apá lọ síbi ìṣílé àbúrò ọkọ. Mo dé Dùgbẹ̀, mo rí aṣọ tìmùtìmù tó dáa, mẹ́rin fún 16,000. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo ní ṣé aṣọ lásán tí wọ́n rán sípù sí nìyí? Mo ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan nílé tí etí rẹ̀ ń tú. Màá gé e sí mẹ́rin, màá fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ọnà sí i. Ìyá tó bí ìyá mi, aládìrẹ ni ní Kẹ́mta, wọ́n fi iṣẹ́ náà tọ́ ọmọ mẹ́fà. Mo rò pé ó ti wà lára mi látìgbà yẹn. Kò sí lára mi. Aró ló wà lára mi.

Bàbá Tólú gbọ́, inú wọn dùn. "Ìyá Tólú, ìdí tí mo fi fẹ́ ọ nìyí." Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n.

Mo wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ Ìtokú, l'Abẹ́òkúta, mo ra aró àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ìyá tó tà á fún mi rọra ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: "Ọmọ mi, jẹ́ kí aró tutù kó o tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná á tú ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ. Kó o sì wọ ìbọ̀wọ́ o, sódà wà níbẹ̀." Ìbọ̀wọ́ wà lórí tábìlì wọn níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé mà, ó wà nílé." Ohun tó wà nílé ni ọ̀rá búrẹ́dì.

Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, láfún ni. Wọ́n á rò ó lórí iná títí á fi ki, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sójú aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í mú un, funfun ló máa wà. Ó rọrùn létí, àbí? Mo ro láfún mi, ó ki dáadáa. Mo wá fi iyọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí niyọ̀ ń wá nínú aró. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn ni. Ohunkóhun tó bá ti ń hó lórí iná mi, màá bu iyọ̀ sí i. Ìgbà tí mo tọ́ ọ wò tí mo tún fi díẹ̀ kún un ló yẹ kí n ti mọ̀ pé orí mi ò pé.

Ó wá ku ìyẹ́. Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa, ń sin adìẹ. Kàkà kí n kan ilẹ̀kùn kí n tọrọ, mo ká adìẹ pupa kan mọ́ ẹ̀yìn kànga, mo fa ìyẹ́ mẹ́ta yọ lápá rẹ̀. Igbe tí adìẹ yẹn ké, bí wọ́n bá ń pa èèyàn, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ sílẹ̀, kò sá. Ó dúró, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ojú kan wò mí. Ojú kan ni adìẹ fi ń wo nǹkan tó bá fẹ́ rántí.

Ọnà tí mo fẹ́ yà ni Ìbàdàn Dùn, torí pé ọmọ Ìbàdàn làwọn tí mò ń gbé e lọ fún. Ẹ ti rí i rí: àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, tí wọ́n tò gbágbáágbá, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Òpó tèmi dà bí òpó iná tí tírélà kọlù. Ṣíbí mi ní ìrù. Tólú dé láti iléèwé, ó dúró, ó wò ó títí.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Òpó Mápó ni."

"Kí ló ń ṣe é?"

Mo lé e wọlé. Mo tẹ́ aṣọ sórí ẹní nínú oòrùn kí ẹ̀kọ lè gbẹ, mo lọ gbé omi ọbẹ̀ kaná. Ká tó wí, ká tó fọ̀, mo gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ lójú ẹní. Ẹ gbà mí gbọ́, adìẹ pupa yẹn ni. Kò sì dá wá. Ó kó ọmọ mẹ́jọ dání, ó pe àkùkọ, ó pe adìẹ kan tí mi ò rí rí ládùúgbò wa. Òun fúnra rẹ̀ dúró sórí òpó kẹta, ó ń ṣa láfún oníyọ̀ jẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jẹ àsè. Bí mo ṣe figbe ta, gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ tó ti tẹ ẹ̀kọ tútù sáré gba ojú ibi tó mọ́ lára aṣọ kọjá. Ìyá wọn ló gbẹ̀yìn. Kò sáré. Ó rìn.

Kò sí aṣọ bẹ́ẹ̀dì míì. Mo ní kí n ṣáà rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báàfù tó gba aṣọ náà, ẹyọ kan ló wà nílé, èyí tí wọ́n pín níbi àádọ́rin ọdún ìyá ọkọ mi. Àwòrán Màmá gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gèlè tó fẹ̀ ju èjìká wọn lọ. Mo da aró sí i, mo wọ ọ̀rá búrẹ́dì méjì, mo fi rọ́bà so ó lọ́rùn ọwọ́. Aṣọ kì í dúdú bó bá ṣe ń jáde nínú aró. Àwọ̀ ewé tútù ló máa ń ní, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń yí padà. Nítorí náà, nígbà tí mo bọ́ ọ̀rá tí mo rí i pé ọwọ́ mi rí bí ewé díẹ̀, mo ní kò tó nǹkan. Mo dúró, mò ń wo ọwọ́ ara mi bó ṣe ń ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀.

Ìbẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kí n tari báàfù. Aró ṣàn lọ sójú Màmá. Mo fọwọ́ nù ún, ọwọ́ tó jẹ́ aró fúnra rẹ̀. Mo nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúdú. Mo nu ètè, aró dúró sábẹ́ imú wọn rekete, ó di irunmú. Bàbá Tólú wọlé lásìkò yẹn. Wọ́n wo báàfù. Wọ́n ṣí fìlà.

"Ó jọ Dádì."

Ó sì jọ Dádì lóòótọ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ kí n fi báàfù náà fọṣọ mọ́. Pálọ̀ ló wà.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Mo wọ aṣọ alápá gígùn, mo di báàgì mú bí ẹni tó gbé owó ìjọ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ láì fọwọ́ kanlẹ̀?

"Ìyàwó mi, kí ló ṣe ọwọ́ yìí?"

"Làálì ni, mà."

"Ta ló ń ṣèyàwó?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n tú ẹ̀bùn. Ilé pa lọ́lọ́. Mápó ti wó pátápátá, àtàrí òpó méjì ló kù. Ibi tí adìẹ ti ṣa á jẹ di tótòtó dúdú, ojú ẹsẹ̀ wọn sì funfun kiri gbogbo aṣọ. Àǹtí kan gbé e súnmọ́ awò ojú wọn. "Háà! Iṣẹ́ ọwọ́ rèé! Kí lorúkọ ọnà yìí?"

Ẹ mọ̀ pé ọnà àdìrẹ kì í ṣàìní orúkọ. Olókun wà, Ṣùúnbẹ́bẹ́ wà, kódà wọ́n ṣe ọ̀kan fún júbílì ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Ẹnu mi, tí kì í gbọ́ tèmi, ní: "Adìẹ Ò Gbàgbé."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni wèrè ìdílé yìí. Bọ̀dá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, wọ́n gba máíìkì lọ́wọ́ onílù. Wọ́n ní ká wo ojú ẹsẹ̀ wọ̀nyí, ìrìn àjò ẹ̀dá ni. Ká wo tótòtó wọ̀nyí, ohun tí ayé ṣa lára ẹni ni. Wọ́n ní àwọn àgbà ayé àtijọ́ nìkan ló mọ ọnà yìí, pé àwọn rí i lára ìyá àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Lára ìyá wọn! Ọnà tí adìẹ Ìyá Ràfíù yà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè! Àwọn èèyàn ń mi orí, obìnrin kan ń nu ojú. Ìbàdíàrán dì mọ́ mi. Mo mi orí pẹ̀lú wọn, kí n má bàa dá yàtọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí mo ṣọ́ ná: aró àti kẹ́míkà 7,000, ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ 7,000, láfún 1,000, télọ̀ àti sípù 4,000. 19,000, kí n má baà san 16,000. Mi ò ka ọwọ́ mi mọ́ ọn.

Màmá wá pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ń ṣàjọ̀dún ní Oṣù Kejìlá, ọgbọ̀n aṣọ tìmùtìmù Adìẹ Ò Gbàgbé ni àwọn fẹ́ pín dípò báàfù. Kí n tó la ẹnu, Bàbá Tólú ti gba àsansílẹ̀. "Ìyàwó yín á ṣe é, mà. Inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà."

Bí a ṣe délé, ilé Ìyá Ràfíù ni mo gbà lọ. Mo jẹ́wọ́ ìyẹ́ mẹ́ta, mo tọrọ àforíjì, mo ní mo fẹ́ háyà adìẹ pupa.

"Adìẹ wo? Èyí tí kò jẹ àgbàdo mọ́, tó kàn ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yín láràárọ̀? Mo ti sè é. Ṣebí mo bù fún yín, Tólú ló wá gba abọ́."

Mo rántí. Apá ló kàn mí. Ó dùn.

Láti àárọ̀ òní, mo ti tẹ́ aṣọ tuntun sójú oòrùn, mo ti fi láfún oníyọ̀ kùn ún dáadáa. Àkùkọ wà lórí ògiri. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ojú kan wò mí.