Ẹ̀yin Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Ìdí Kántà Bagel, Ohun Tí Mo Kọ́ Nìyí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nídìí kántà bagel, búrẹ́dì tó rí bí òrùka, ní New York, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kí èrò òpin ọ̀sẹ̀ tó ya dé. Gbogbo ènìyàn ló máa ní kí ẹ yára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ọwọ́ yín á fi yá. Ohun tí n kò rí kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun ni kí wọ́n mọ oúnjẹ tí wọ́n ń tà, kí wọ́n sì mọ àwọn tó ni ín.

Àwọn Júù ló ni ín. Ìwé òfin àwùjọ wọn ní Kraków, ní Pólándì, ti dárúkọ bagel láti 1610. Àwọn tó ṣí kúrò ní agbègbè yẹn ló gbé e wọ New York. Níbẹ̀, àwọn tó ń fi ọwọ́ yí i dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Local 338, ipò ọmọ ẹgbẹ́ sì máa ń ti ọwọ́ baba bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀rọ ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní àwọn ọdún 1960.

Ẹ wáyè lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́yìn ilé. Wọ́n á po ìyẹ̀fun náà kó le dáadáa, wọ́n á yí i bí òrùka, wọ́n á tò ó sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ìwúkàrà kì í sáré nínú òtútù, àsìkò tó fi ń lọ́ra yẹn ni adùn fi ń wọ̀ ọ́. Láàárọ̀, wọ́n á dà á sínú omi híhó tí wọ́n fi oje ọkà báálì sí, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí wọ́n tó gbé e sínú ààrò. Omi yẹn ló ń mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa dán, kí inú rẹ̀ sì kì. Èyí tí wọn kò bọ̀, búrẹ́dì oníhò lásán ni lójú tèmi. Nítorí náà, bí ó bá ṣì ń gbóná láti inú ààrò, ẹ má tún un yan àfi bí oníbàárà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ti àná là ń yan.

Ìdí ẹja tí a ń fi sínú bagel ni iṣẹ́ wà. Lox gan-an jẹ́ ikùn ẹja salmon tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí èéfín kò kàn rárá. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Nova ni wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí, tí wọ́n wá fi èéfín tútù rá. Kò dà bí ẹja yíyan tiwa tó máa ń jinná tó sì máa ń gbẹ: èéfín ti nova kò gbóná, ẹja náà á ṣì rọ̀. Ọ̀pọ̀ tó bá béèrè lox, nova ló ń wù wọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá oníyọ̀ ni wọ́n fẹ́, ẹ fún wọn ní pẹ́ńpẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá ń gé e, ẹ dá ọ̀bẹ dẹ̀gbẹ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí ẹja, ẹ fà á gùn, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí ní kó fẹ́lẹ́ débi tí ènìyàn lè ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ rántí òfin pé kí a má ṣe bọ ọmọ ewúrẹ́ nínú wàrà ìyá rẹ̀, àti ti ẹja tí kò ní lẹ́bẹ́ àti ìpẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹran àti wàrà kì í pàdé, ṣùgbọ́n wọn kò ka ẹja sí ẹran, ìyẹn ni salmon fi lè jókòó lórí cream cheese, wàràkàṣì rírọ̀ tí a ń fi pa bagel. Ẹja àrọ̀ kò lè dé ibẹ̀ láé. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù ẹja àti wàrà, irú Russ & Daughters tó ti wà láti 1914, fi yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́ran.

Lónìí, kántà púpọ̀ kì í ṣe kosher, ìyẹn ni pé wọn kì í tẹ̀lé òfin oúnjẹ àwọn Júù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti ń dún lórí iná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mọ irú èyí tí ẹ wà. Bó bá jẹ́ ti kosher, ike ìrẹsì àti ẹran tí ẹ gbé láti ilé kò gbọdọ̀ wọ kíṣìnnì. Bí wọ́n bá bi yín bóyá oúnjẹ jẹ́ kosher, ẹ má fi ẹnu yín jẹ́rìí: ẹ tọ́ka sí ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri. Bí kò bá sí, ẹ ní kò sí.

Latke tí wọ́n fi ọ̀dùnkún dín, shakshuka tó jẹ́ ẹyin nínú ọbẹ̀ tòmátì, búrẹ́dì challah tí wọ́n rẹ sínú ẹyin tí wọ́n sì dín, ìyẹn kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó mọ́ yín lọ́wọ́. Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ wò. Lásìkò Àjọ Ìrékọjá, wọn kì í jẹ ohun wíwú, ṣọ́ọ̀bù bagel tó jẹ́ kosher sábà máa ń ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ètùtù, bagel àti ẹja ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń ṣínu, ṣáájú ọjọ́ náà sì ni ọwọ́ yín máa dí jù.

Nípa owó orí: ní ìpínlẹ̀ New York, bagel tí a kò gé, tí oníbàárà ń gbé lọ, kò ní owó orí ọjà, èyí tí a gé tàbí tí a fi nǹkan pa ní. Nítorí náà, ẹ béèrè kí ọ̀bẹ tó kàn án. Àwọn ìyá àgbà kan wà tí wọ́n mọ òfin yìí ju ọ̀gá yín lọ. Wọ́n á ní kí ẹ má gé e, wọ́n á ra cream cheese lọ́tọ̀ nínú ike, wọ́n á lọ gé e nílé.