Mo bá ẹni tó sin màlúù náà sọ̀rọ̀ fúnra mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lọ ra ẹran lóko lánàá, inú mi ṣì ń dùn. Bàbá tó ni oko yẹn ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó rárá o, pápá ló mú mi lọ wò, ó fi ibi tí àwọn màlúù ti jẹko tán hàn mí, ó ní òun ti kó wọn kúrò níbẹ̀ kí koríko lè sinmi kó tún hù, ìgbẹ́ wọn ló sì ń ṣe ajílẹ̀. Mo bi bàbá náà pé ṣé koríko nìkan ni àwọn màlúù náà ń jẹ títí dọjọ́ pípa, torí ẹlòmíì á ní ẹran òun jẹko, àmọ́ ọkà ló fi ń bọ́ ọ láwọn oṣù tó gbẹ̀yìn. Wọ́n dá mi lóhùn láìfi nǹkan kan pamọ́. Ta lèèyàn fẹ́ bi nírú ẹ̀ nídìí fíríìsà súpámákẹ́ẹ̀tì?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìdajì màlúù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bèèrè bóyá ìwọ̀n ààyè ni wọ́n fi ń gbowó àbí tẹran tí wọ́n ti bó tí wọ́n gbé kọ́, torí màlúù tó wọn 500 kílò láàyè, bíi 280 ló máa kù lórí ìkọ́, tí wọ́n bá wá yọ eegun ó tún dín sí i. Ọ̀rá ẹran tó jẹko lè dà bíi yẹ́lò, ẹ má bẹ̀rù, àtinú koríko ni. Kì í sì í lọ́ràá púpọ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ pín tiwa.