Àfáǹsì kì í ṣe owó yín o

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá dá iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ ajórin, ṣe ní Ṣábẹ̀ẹ́ ńbí, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀gá kọ́ wa bá a ṣe ń gé irin, bá a ṣe ń jó o kó má wọ́, bá a ṣe ń wọn ojú ilẹ̀kùn kó bá ògiri mu. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ti jókòó tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ owó báyìí, wọ́n á ti ní kọ́mọ iṣẹ́ lọ ra omi wá. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ ẹni tó dá dúró wà.

Àìríṣẹ́ kọ́ ló ń pa ṣọ́ọ̀bù tuntun jù nínú iṣẹ́ wa. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tíṣẹ́ kún inú ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tó sì kógbá wọlé. Owó àsansílẹ̀, àfáǹsì tá à ń pè é yìí, òun ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹnì kan ní kẹ́ ẹ bá òun ṣe ilẹ̀kùn, ẹ fẹnu kò sí 85.000 sẹ́fà, ó ka 50.000 lé yín lọ́wọ́. Irin àti páànù á gba 45.000, bagẹ́ẹ̀tì tá a fi ń jórin àti dísìkì tá a fi ń gé e 6.000, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún àti ọ̀dà òkè ẹ̀ 5.000, iná 3.000, ọkọ̀ tó gbérin wá 3.000, oúnjẹ àwọn ọmọ tó bá yín ṣe é 2.000. Ó ti di 64.000 nìyẹn. Ṣé ẹ rí i pé 50.000 yẹn ò tó ohun tí ilẹ̀kùn náà máa jẹ, ẹ̀yin lẹ ṣì máa wá 14.000 kún un kó tó parí, gbogbo èrè yín, 21.000, ọwọ́ oníbàárà ló wà títí dọjọ́ tó bá san 35.000 tó kù.

Ẹni tí ò bá ṣírò ẹ̀ báyìí, 50.000 ló máa rí. Á yọ owó ilé níbẹ̀, á yọ owó ìwé ọmọ, ọjọ́ kejì ẹlòmíì á gbé iṣẹ́ fèrèsé wá, á fi àfáǹsì onífèrèsé lọ ra irin onílẹ̀kùn, onígéètì á dé, á fi towó ẹ̀ ra irin onífèrèsé. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, iṣẹ́ sì ń wọlé, gbogbo ayé ń kí i pé ó kú oríire. Tó bá wá di oṣù kan tẹ́ni tuntun ò dé, onígéètì ò rí géètì, ó ń pè, fóònù ti kú, ni wọ́n á bá ní lágbájá ti di ọ̀lẹ, ó ti di òpùrọ́. Ọ̀lẹ kọ́ o, irin ni ò rówó rà.

Torí náà, ọjọ́ tí àfáǹsì bá dé náà ni kẹ́ ẹ ra irin ẹ̀. Kò dùn mọ́ni, mo mọ̀, torí nǹkan pọ̀ tí ilé ń bèèrè. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta irin kì í dúró sójú kan, Kutonu tàbí Parakú ló ti ń bọ̀ wá bá wa, ẹ sì ti sọ iye tẹ́ ẹ máa gbà, ẹ ò lè padà lọ sọ fún oníbàárà pé irin ti wọ́n. Kẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà fóònù méjì tẹ́ ẹ fi ń gbowó. Tó bá jẹ́ MTN lẹ fi ń gba owó ilé, ẹ fi Moov gba ti ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí méjèèjì pàdé. Ìwé kékeré kan náà ṣe pàtàkì, orúkọ, iye, àfáǹsì, ohun tó kù, kí oníbàárà fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ lè kúnlẹ̀ sọ ọ́, "Bàbá, ẹ má bínú, kó má bàa di àríyànjiyàn láàárín wa ni," wọn ò ní bínú, kódà púpọ̀ nínú wọn ló máa yìn yín.

Ohun tó kù yẹn, kó tó di pé ilẹ̀kùn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e kọ́ tán pẹ́nrẹ́n, "ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ló kù.

Ti ẹbí le díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín á ní kẹ́ ẹ bá òun ṣe géètì, ṣé ọmọ òun kọ́ lẹ ni? Kò ṣeé kọ̀, kò sì yẹ ká kọ̀ ọ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo ti fi ta yín lọ́rẹ, irin nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi rà." Á yé ẹni tó bá fẹ́ràn yín.

Ẹ tún mọ ìgbà tówó ń rìn nílùú wa. Kajú ni. Láti Fẹ́búrárì dé Méè tí wọ́n bá ń kó o tà, ìgbà yẹn lèèyàn ń rántí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Látọjọ́ kìíní oṣù Ẹ́príìlì 2024 tí ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tútù, èyí tí wọn ò tíì pa, jáde kúrò ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ máa tẹ́tí sí iye tí wọ́n ń rà á lọ́dọọdún, torí owó ilẹ̀kùn yín wà níbẹ̀. Tójò bá ti wọlé, oko lówó gbogbo èèyàn ń lọ. Ẹni tó jẹ gbogbo owó ìgbà kajú tán á wá máa jókòó wo ẹ̀rọ nígbà òjò. Ẹ bu iye kan fún ara yín lóṣù bí ẹni tó ń gbowó oṣù, kó kéré, èyí tó kù ẹ dá a sí àjọ, kó jẹ́ pé ìgbà òjò lẹ máa kó o.

Ìjọba náà ńkọ́? Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní monentreprise.bj, lẹ ti máa forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹ máa ní IFU, ìyẹn nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń san owó orí, tí ohun tẹ́ ẹ tà lọ́dún ò bá ju mílíọ̀nù 50 lọ, TPS, owó orí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, lẹ máa san, 5% ni. Ohun tí púpọ̀ ò fojú sí ni pé orí gbogbo ohun tẹ́ ẹ tà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣorí èrè. Ilẹ̀kùn 85.000 yẹn, 4.250 á kúrò níbẹ̀, 21.000 á di 16.750. Tẹ́ ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é, ẹ pín in, kò ju 4.000 àti díẹ̀ lọ lójúmọ́, owó ṣọ́ọ̀bù àti àtúnṣe ẹ̀rọ sì tún wà nínú ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó dá iye lé iṣẹ́, ẹ má wo iye tí ṣọ́ọ̀bù kejì ń gbà kẹ́ ẹ wá gbé tiyín wálẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ oṣù, iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ wà ló ń bá yín san CNSS, owó ààbò òṣìṣẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jáde kò sẹ́ni tó máa san án mọ́, tí iná irin bá sì ta yín lójú lọ́jọ́ kan, ọjọ́ yẹn ò lówó. Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ máa ṣiṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yín àtijọ́, ẹ máa san owó iná fún wọn, ẹ tọ́jú oúnjẹ oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún ilé, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá á ṣì máa wá tí kajú bá tán.