Ṣé ìyàwó ló gbọ́dọ̀ kó jáde ni?

Tí ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń lu ìyàwó bá ti délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tá a wà l'Abuja níbí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń bi obìnrin yẹn, níbo lo máa wá lọ? Kò sẹ́ni tó máa bi ọkọ pé òun ńkọ́. Ìyá obìnrin wà n'Ílọrin, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà n'Ìbàdàn, rẹ́ǹtì ní Kubwa ò ṣe é fẹnu sọ mọ́, àwọn ọmọ wà ní skúùlù, ìsọ̀ tó ti ń tajà wà nítòsí ilé, síbẹ̀ òun náà la máa ní kó di ẹrù ẹ̀ lóru. Pásítọ̀ tàbí àfáà á ní kó mú sùúrù, ẹbí á ní kó wálé, gbogbo ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ó máa ń dùn mí ni, torí òfin tó wà l'Abuja ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Òfin yẹn ni VAPP Act, ìyẹn òfin tó ka híhùwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, Jonathan ló buwọ́ lù ú ní 2015 nígbà tó kù díẹ̀ kó gbéjọba sílẹ̀. Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní protection order, ìwé àṣẹ tó ń dáàbò boni, ilé ẹjọ́ gíga Abuja ló ń fúnni. Adájọ́ lè fi pàṣẹ pé kí ọkọ má fẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn mọ́, kó má lọ síbi iṣẹ́ ìyàwó, kó má dí i lọ́nà àtiwọ ilé tí wọ́n jọ ń gbé, ó tún lè ní kó máa san rẹ́ǹtì lọ. Ọkọ ló ń jáde yẹn o! Kò dẹ̀ sí pé ó ti pẹ́ jù kéèyàn tó lọ bèèrè, òfin ò fi gbèdéke sí i, nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà tàbí ọlọ́pàá pàápàá lè bá obìnrin náà bèèrè tó bá ti fọwọ́ sí i. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ nínú Abuja tá à ń lọ sùn ní Mararaba tó jẹ́ ti Nasarawa, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ni ìwé yẹn ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan á ní ṣebí Òkè Ọya la wà, òfin ibí gbà kí ọkọ na ìyàwó. Wọn ò parọ́ tán. Section 55 nínú Penal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò l'Òkè Ọya, gbà kí ọkọ bá ìyàwó wí tí àṣà wọn bá fàyè gbà á, tí ò bá ti ṣe é léṣe gidi (ta ló ń fi rúlà wọn ọgbẹ́ yẹn gan-an?). Ṣùgbọ́n l'Abuja, VAPP ló lékè. Ẹni tó bá lu ìyàwó ẹ̀ tàbí ọkọ ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó 200,000 náírà, èyí tó kéré lójú tèmi, owó aṣọ òde ẹyọ kan làwọn míì máa pè é. Ẹni tó bá lé ẹnì kejì ẹ̀ jáde nílé náà lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2.

NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń kó èèyàn ṣòwò, ló ń bójú tó gbogbo eléyìí l'Abuja. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn tó ń kó ọmọ lọ sí Líbíà nìkan ni wọ́n ń mú, torí ìyẹn ni wọ́n ṣe dá wọn sílẹ̀ ní 2003 lóòótọ́, àmọ́ VAPP ti gbé ọ̀rọ̀ inú ilé náà lé wọn lọ́wọ́. 627 ni kẹ́ ẹ pè, wọ́n wà ní Wuse Zone 5. Wọ́n ní ṣẹ́ltà fún ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ wà nínú ewu, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n máa ń gbà á sí, wọn kì í dẹ̀ fẹ́ kéèyàn dá jáde. Ó dáa fún ẹni tí wọ́n ń lé kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìsọ̀ àti ọmọ mẹ́ta ní skúùlù, ẹ sọ fún mi bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ìdí tí mo fi ń pariwo protection order nìyẹn. FIDA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà, àti Legal Aid Council lè bá ẹni tí ò lówó lọ́yà gbé e lọ sí kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá èèyàn lò pọ̀ ni, ọsibítù ló kàn kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà HIV, kó má wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ yẹn kó tó débẹ̀. Sẹ́ńtà kan tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ wà ní General Hospital Bwari, ti àwọn tó wà ní Kano ń jẹ́ Waraka, ọsibítù Murtala ló wà.

Ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí o. Àwa tá à ń sunkún ọkọ yìí náà la máa ń ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá wa wá ọmọ kékeré tó máa fọ abọ́, a ó máa rán an ní skúùlù, skúùlù tí ò ní rí. Òfin NAPTIP ti 2015 ní ẹni tó bá gba ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n láti oṣù 6 dé ọdún 7, kì í ṣe ẹni tó mú un wá nìkan, ẹni tó gbà á sílé náà ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ yẹn ní tiẹ̀ ò dáràn kankan, ṣe ni wọ́n máa tọ́jú ẹ̀, wọ́n á wá àwọn òbí ẹ̀ kàn. Dúkìá tí kóòtù bá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó èèyàn, àpò owó kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fáwọn tí wọ́n kó, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ìwọ àbúrò mi tó ń ka èyí ní bòókẹ́lẹ́, tó o bá pe ọlọ́pàá tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, sọ fún wọn pé VAPP ní kí wọ́n mú ẹ dé ọsibítù tàbí ibi tó fọkàn balẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ẹ lọ kó ẹrù ẹ. Gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ya fọ́tò ojú ọgbẹ́, ìwé ìgbéyàwó àti birth sátífíkéètì àwọn ọmọ, fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó o fọkàn tán lórí WhatsApp, kó o wá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lórí fóònù tìẹ, torí ọ̀pọ̀ ọkọ ló mọ password ìyàwó wọn.