Táǹkì ewé omi mi l'Óṣogbo: ibi tá a bá a dé lẹ́yìn ọyẹ́

Ọyẹ́ ti lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lu páànù l'Ókè-Fìà, ó yá kí n kọ ibi tí iṣẹ́ dé sílẹ̀, torí ẹni tó bá ti wọ pálọ̀ mi ló ń béèrè pé ṣé àwọn ewé yẹn ò tíì kú ni. Wọn ò kú o. Anubias, ewé omi kan tó ní igi nípọn, ti yọ ewé tuntun, òṣíbàtà ti ń nàgà sójú omi, ojú oró wá pọ̀ débi pé ńṣe ni mò ń bù ú kúrò.

Táǹkì náà ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ló bá mi gé gíláàsì ẹ̀. Yanrìn ṣáàpù tí àwọn bíríkìlà ń lò ló wà nísàlẹ̀, mo fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ fi mọ́. Omi kànga ni mo dà sí i, gọ́pì sì ni ẹja inú ẹ̀. Ẹ má gbé epìyà sínú táǹkì tó ní ewé o, á jẹ ẹ́ tán mọ́ yín lójú ni.

Ọ̀rọ̀ iná ló gba wàhálà jù. Ewé omi ò fẹ́ ju iná wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ lọ, kó sì máa jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣèlérí ìyẹn fún yín níbí? Iná á lọ látàárọ̀, á wá dé lóru tí gbogbo ilé ti sùn, bọ́ọ̀bù á wá tàn mọ́jú, kí ẹ tó mọ̀ algae, ohun tútù tó máa ń yọ̀ nínú omi, ti bo gíláàsì, èyí tó gùn bí irun á ti so mọ́ ewé. Iná tó bá pọ̀ ju oúnjẹ tí ewé rí jẹ lọ, algae ló ń bọ́. Mo wá yọ bọ́ọ̀bù kúrò lára wáyà ilé pátápátá, ó ti wà lórí sólà kékeré àti bátìrì báyìí, táímà ló ń tàn án tó sì ń pa á. Láti ìgbà yẹn gíláàsì ti mọ́, mi ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ha á mọ́.

Anubias kì í ṣe aláìgbọràn, àmọ́ ó lọ́ra! Ewé kan lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má ri igi ẹ̀ tó nípọn, tó nà gbalaja, mọ́ inú yanrìn, á jẹrà ni, gbòǹgbò nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀. Òwú dúdú ni mo fi so tèmi mọ́ òkúta, gbòǹgbò ẹ̀ ti wá di òkúta mú fúnra ẹ̀. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ewé ilẹ̀ wa ni o, Anubias barteri ń hù létí odò tó ṣíji bò ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, òyìnbó tó tẹ̀lé Baikie, olórí ìrìn àjò Odò Ọya, tó sì kú sí Rabba létí odò náà ní 1859. Síbẹ̀ inú ike kékeré tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun ni mo ti ra tèmi l'Ékòó, owó ńlá sì ni.

Òṣíbàtà ló kọ́ mi láti máa wo ewé dáadáa. Ihò wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ewé ẹ̀ tó ti dàgbà, etí ẹ̀ sì ń pọ́n, ó dà bíi pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, àmọ́ kò sí kòkòrò níbẹ̀, oúnjẹ ewé kan tó ń jẹ́ pọtáṣíọ̀mù ló ń wá. Tó bá jẹ́ pé ewé àgbà ló kọ́kọ́ pọ́n láìní ihò, náítírójìn ni kò tó. Tó bá jẹ́ ewé tuntun ló funfun tí iṣan ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, irin ló ń fẹ́. Mo ra pọtáṣíọ̀mù súfétì, mò ń fi díẹ̀díẹ̀ sí i bí mo bá ti pààrọ̀ omi. Ewé tó ti lu kò ní dí mọ́ o, ewé tuntun ni kẹ́ ẹ máa wò, tèmi ti ń jáde láìní àbàwọ́n. Ẹnì kan ní ọjà Ìgbóná ní kí n kúkú da ajílẹ̀ NPK sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, amóníà inú ẹ̀ á pa gbogbo ẹja yín.

Ìgbà ọyẹ́ tí omi tutù yẹn, gbogbo ewé Cryptocoryne, ewé omi mìíràn tó wà nínú táǹkì mi, yọ́ dànù. Mi ò hú u, torí gbòǹgbò ẹ̀ kì í tètè kú, ó ti ń rú padà báyìí.

Ojú oró wá ńkọ́? Adágún ẹja ẹ̀gbọ́n kan ní Dáda Estate ni mo ti bù ú, Igbó Ọ̀ṣun ò ṣeé fọwọ́ kàn, ibi ọ̀wọ̀ ni, UNESCO náà sì ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Ó ń fa ìdọ̀tí ẹja mu, ó ń ṣíji bo Anubias. Àmọ́ ìdajì ojú omi ni mo ń fi sílẹ̀ fún un, torí lóru gbogbo ewé ń bá ẹja du atẹ́gùn inú omi, tí iná bá sì lọ tí pọ́ńpù dákẹ́, ẹ máa bá gọ́pì lókè tí wọ́n ń mí gúlegúle nídàájí. Mọ́mì tiẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀fọn lò ń sìn nínú ilé mi yìí o." Mi ò lè bá wọn jiyàn, torí ẹ̀fọn Mansonia wà tí ìdin ẹ̀ ń gún gbòǹgbò ojú oró láti fi mí, kì í wá sókè tí gọ́pì á ti rí i jẹ. Mo ní, "Ẹ má bínú, ma," mo wá gbọn gbòǹgbò gbogbo wọn nínú báàfù kí n tó dá wọn padà.

Bolbitis ló kàn, ewé odò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lòun náà, ara òkúta ibi tí omi ti ń ṣàn ló ń hù sí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní i nítòsí, mo ní ojú oró láti fi ṣe pààrọ̀, ẹ gbé garawa wá.